Ọyẹ́, Oyè, Òye: Lílo Ẹ̀rọ Aláfikún-Òye nínú Ilé-Ìkàwé Àríwá Èkìtì

 

Ọ̀rọ̀ tí a ní kí n wá sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun tí orúkọ rẹ̀ pàápàá kò tíì jókòó dáadáa ní ẹnu wa. Nítorí náà, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wá èdè-ìperí fún un. Ohun méjì ni. Èkíní ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní augmented intelligence. Kọ̀ǹpútà ni a ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀ kọ́ títí ó fi lè dá ọ̀rọ̀ àti àwòrán mọ̀, tí a kò sì fi rọ́pò ènìyàn, bí kò ṣe pé a fi ń ran ọgbọ́n ènìyàn lọ́wọ́. Òye àfikún ni mo máa pè é. Èkejì ni augmented reality. Ènìyàn gbé fóònù sókè, ó ń wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an nínú dígí fóònù náà, ẹ̀rọ sì ń kọ àlàyé tàbí ó ń ya àwòrán lé ohun náà lórí. Ìríran àfikún ni mo máa pe èyí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ kí á pè é ní òtítọ́ àfikún. N kò fara mọ́ ọn. Òtítọ́ kò ní àfikún. Ojú tí a fi ń wò ó nìkan ni ó lè ní i.

Ìmọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí àwọn ènìyàn ti rò. Ní 1962 ni Douglas Engelbart ní Amẹ́ríkà kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí bí a ṣe lè fi kọ̀ǹpútà mú kí agbára ọpọlọ ènìyàn pọ̀ sí i. Ní 1968 ni Ivan Sutherland ṣe ohun èlò ìríran àfikún kan tí a ń gbé ka orí. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti so ó rọ̀ láti òkè àjà. Ohun tí ó yí padà láti ìgbà náà ni pé fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé lè ṣe iṣẹ́ náà lónìí. Àwọn ilé-ìkàwé kò sì gbẹ́yìn. Ní 2011, Bo Brinkman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Miami ní ìpínlẹ̀ Ohio fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ han àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé. Wọ́n lẹ àmì kékeré mọ́ ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ gbé ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ kọjú sí pẹpẹ, ẹ̀rọ náà sì fi ìwé tí ó jókòó sí àyè ẹlòmíràn hàn án. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé rí mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ìwé tí a tò sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọnù, bí ó tilẹ̀ wà nínú ilé.

Ṣé a lè ṣe é níhìn-ín? A lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣáájú, òun ni mo sì fẹ́ fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò mi sọ. Ẹ̀rọ aláfikún ń fi nǹkan kún ohun tí ó bá nílẹ̀ ni. Bí àkọsílẹ̀ ìwé wa bá ṣófo, tàbí tí ó bá dàrú, àṣìṣe wa ni ẹ̀rọ náà yóò máa bá wa sọ di púpọ̀. Ibi tí àkọsílẹ̀ wa sì ti dàrú jù lọ ni orí ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ ìlú tí a wà yìí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà, kí ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta, o, y àti e, láìsí àmì kankan lórí tàbí lábẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe. Kí ni ó ń wá? Ó lè jẹ́ Ọyẹ́, ìlú yìí. Ó lè jẹ́ ọyẹ́, atẹ́gùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ń mú kí ètè bó. Ó lè jẹ́ oyè, èyí tí ọba ń fi ènìyàn jẹ. Ó sì lè jẹ́ òye, tí í ṣe orí ọ̀rọ̀ mi gan-an. Ìwé ìtàn ìlú, ìwé ojú-ọjọ́, ìwé lórí ìjòyè, àti ìwé lórí bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di ọ̀kan lójú ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ ìlú Ẹlẹ́kọ̀lé ni ó ń wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé láìsí àmì, kò sí ìyàtọ̀ láàárín Ìkọ̀lé, ìkọ́lé tí í ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, àti ìkólé tí í ṣe iṣẹ́ àwọn olè. (Àwọn ará Ìkọ̀lé tí ó wà níhìn-ín kò ní bínú sí mi, ẹ̀rọ ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.) Ní ti Ìdó, àmì nìkan kò tilẹ̀ tó. Ìdó-Èkìtì wà, Ìdó wà ní ẹ̀gbẹ́ Ìbàdàn, òmíràn sì wà ní Èkó níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ wà.

Ní ayé àtijọ́, alábòójútó ilé-ìkàwé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dá irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ padà lọ́wọ́ òfo. Yóò bi í pé, "Èwo nínú wọn ni o ń wá?" Ìbéèrè yìí gan-an ni mo kà sí òye àfikún. Ẹ̀rọ tí ó yẹ wá ni èyí tí yóò kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, pẹ̀lú àmì wọn, tí yóò sì jẹ́ kí òǹkàwé yan èyí tí ó ń fẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ń dá yàn fún un láìbéèrè ti fi kúrò nínú òye tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ní, kò fi kún un.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó lè béèrè, a gbọ́dọ̀ ti kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Níhìn-ín ni ìṣòro kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ olóye kì í sì í mẹ́nu bà. Gbogbo lẹ́tà tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ni ó ní nọ́ńbà. Ètò tí ó pín àwọn nọ́ńbà náà fún gbogbo èdè ayé ni Unicode, tí ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991. Ètò yìí fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, tí ó ní àmì lábẹ́ tí ó tún ní lókè, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ń so ó pọ̀. Ẹnì kan lè tẹ ẹ, kí ó fi àmì ohùn òkè lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ é, kí ó wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹnì kẹta lè tẹ e lásán, kí ó fi àmì méjèèjì kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kẹrin kò fẹ́ kínkín lábẹ́ lẹ́tà. Ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán ni ó fẹ́, bí a ti ń rí i nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá, nọ́ńbà tirẹ̀ sì tún yàtọ̀. Lójú ènìyàn, lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni a lè sọ di ọ̀kan nípa òfin tí ó wà nínú Unicode fúnra rẹ̀, bí ẹni tí ó to ètò ilé-ìkàwé náà bá rántí láti lò ó. Ẹ̀kẹrin ń fẹ́ òfin tiwa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé lè wà lórí pẹpẹ, kí òǹkàwé tẹ orúkọ rẹ̀ láìṣẹ̀ sí òfin àkọtọ́ kankan, kí ẹ̀rọ sì dá a lóhùn pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àkọtọ́ fúnra rẹ̀ tún dá kún un. Láti ìgbà ìpàdé tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe ní Èkó ní 1875 ni a ti ní àdéhùn lórí àmì abẹ́ lẹ́tà. Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ jáde ní 1965. Ní 1974 ni a fi òǹtẹ̀ lu àkọtọ́ tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìwé tí ó jáde ṣáájú 1974 lè pe ara rẹ̀ ní "aiye" tàbí "enia". Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní tí ó bá wá "ayé" àti "ènìyàn" kò ní rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi láìfi bò: a kò gbọdọ̀ tún orúkọ ìwé àtijọ́ kọ kí á wá pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Méjèèjì ni kí á kọ sílẹ̀, kí ọ̀kan máa tọ́ka sí èkejì. Koha, ètò ilé-ìkàwé ọ̀fẹ́ tí ó ti New Zealand wá, tí wọ́n kọ́kọ́ lò níbẹ̀ ní 2000, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà sì ń lò, ní àyè fún irú àkọsílẹ̀ onílà méjì bẹ́ẹ̀. Àìsí ẹ̀rọ kọ́ ni kò jẹ́ kí á ṣe é.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan ti ṣe iṣẹ́ tí ó wúlò lórí èyí. Ní 2018, Iroro Orife tẹ ìwádìí jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a kọ láìsí àmì. Ní 2021, David Adélàní àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé MENYO-20k jáde, ìkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí a fi lè kọ́ ẹ̀rọ ìtumọ̀. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Ó ń wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ìtòsí. Bí "oba" àti "je" bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "oye", ó gbà pé oyè ni. Bí "otutu" bá wà níbẹ̀, ó gbà pé ọyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n orí ìwé kì í gùn. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ẹ̀rọ kò rí aládùúgbò kankan tí yóò bi léèrè. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà kí á fi iṣẹ́ àmì sílẹ̀ fún un pátápátá. Kí ó dábàá. Kí òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, fọwọ́ sí i tàbí kí ó tún un ṣe.

Yorùbá wo ni kí òṣìṣẹ́ náà gbọ́? Èyí kan àwa ará Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n. Yorùbá àjùmọ̀lò ni a fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ẹni tí ó pe ilé ní ulé, tí ó pe iṣu ní usu, bí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ti ń ṣe, yóò bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ títí, ẹ̀rọ kò ní gbọ́ ọ, tàbí kí ó "tún un ṣe" fún un. Bí ilé-ìkàwé bá gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, lórí ìtàn ìdílé, lórí oríkì, lórí oko, tí a sì jẹ́ kí ẹ̀rọ da ohùn náà kọ, ẹ̀ka-èdè Èkìtì lè parẹ́ nínú àkọsílẹ̀ tí a ṣe láti fi pa á mọ́. Ohùn gan-an ni kí á tọ́jú. Kí àdàkọ jẹ́ ti ẹ̀ka-èdè. Kí Yorùbá àjùmọ̀lò wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí atọ́nà fún ẹni tí ń wá nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí lẹ́tà wàyí. Ìkọ̀lé ni a bí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí sí ní 1929, onítàn tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà láti 1841 sí 1891 jáde ní 1965, tí ó sì jẹ́ gíwá Yunifásítì Èkó láti 1972 sí 1978. Ó kú ní 2014. Bódìjà ní Ìbàdàn ni òun àti aya rẹ̀, Christie, ti sọ ìkójọ ìwé wọn di ilé-ìkàwé Jadeas Trust fún àwọn olùwádìí. Ohun tí ó ṣe dára, n kò sì ní sọ pé kí á kó ìwé náà padà wálé. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó ní Ìkọ̀lé, tí ó ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ìtàn, yẹ kí ó lè mọ̀ láti ibi tí ó wà ohun tí ó wà nínú ilé-ìkàwé onítàn tí a bí sí ìlú náà, kí ó tó wá owó ọkọ̀ Ìbàdàn. Iṣẹ́ tí òye àfikún lè ṣe nìyẹn: kí ó so àkọsílẹ̀ ibí mọ́ ti ọ̀hún, kí ó sì sọ pé, "Ìwé tí o ń wá kò sí lọ́dọ̀ wa, ibi báyìí ni ó wà."

Ní ti ìríran àfikún, Ọyẹ́ yìí ni àpẹẹrẹ tí ó wù mí jù lọ wà. Láti 1947 sí 1954, àwọn àlùfáà Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níhìn-ín lábẹ́ ìtọ́jú Fadá Kevin Carroll. George Bándélé, tí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn agbẹ́gilére tí ó lókìkí jù lọ ní ìgbà tirẹ̀, gbẹ́gi níbẹ̀. Níbẹ̀ náà ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ Bándélé kí òkìkí tirẹ̀ tó kàn kárí ayé. Wọ́n fi ọnà ìbílẹ̀ Yorùbá gbẹ́ ìtàn Bíbélì. Carroll kọ ìwé kan tí ó sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà wọ̀nyí, ó sì jáde ní 1967. Ìwé wà, ère wà, ìlú wà. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni kò sí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé fóònù sí ojú-ìwé kan nínú ilé-ìkàwé, kí ère tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dìde lórí ìwé náà, kí ó yí i wò látẹ̀yìn àti níwájú, kí orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ àti ìlú tí ó ti wá hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: èyí kì í ṣe idán, kò sì nílò owó ńlá. Ohun tí ó nílò ni kí ẹnì kan ti mọ̀ dájú ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Bí a kò bá mọ̀, kí àlàyé náà sọ pé a kò mọ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè lóde òní kì í fẹ́ sọ pé àwọn kò mọ̀. Wọ́n ń kọ gbólóhùn tí ó jọ òótọ́. Bí òótọ́ bá wà nínú rẹ̀, ó dára, bí kò bá sí, gbólóhùn náà á ṣì dùn gbọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn dọ́là 5,000 fún agbẹjọ́rò méjì àti ilé-iṣẹ́ wọn, nítorí pé wọ́n kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, èyí tí ẹ̀rọ ChatGPT hùmọ̀, wá síwájú ilé-ẹjọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, irú rẹ̀ lè wà nínú àpilẹ̀kọ tí ẹ ń yẹ̀ wò: orúkọ ìwé tí kò sí, òwe tí àgbà kankan kò pa rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé tí ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn kò tíì mọ bí iṣẹ́ wọn ti fẹ́ pọ̀ tó. Àwọn ni yóò máa sọ fún wa pé ìwé báyìí wà, pé ìwé báyìí kò sí.

Ìdó ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti ẹ̀mí ènìyàn. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀. Fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ìríran àfikún wúlò púpọ̀; ó lè mú kí ọkàn ènìyàn lù lórí ojú-ìwé, kí á rí i bí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìwé pélébé tí a ń kọ fún aláìsàn ni ó ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ túmọ̀ ìlànà àyẹ̀wò sí Yorùbá, kí ó sì yọ àmì kúrò. "Ito" ni ó kù lórí ìwé. Ṣé itọ́ ẹnu ni kí aláìsàn gbé wá ni, àbí ìtọ̀? Dókítà kò sí nítòsí nígbà tí ìyá àgbà ń kà á nílé. Bí ọmọ rẹ̀ bá sì ní kí fóònù kà á sókè fún un, ọ̀kan nínú méjèèjì ni fóònù náà yóò mú, tìgboyà-tìgboyà. Mo rò pé ilé-ìkàwé tí ó bá wà ní ìlú tí ilé-ìwòsàn wà ní ẹ̀tọ́ láti ní ẹni tí yóò yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò kí ó tó jáde.

Ẹ ó ti máa sọ nínú ara yín pé, iná ńkọ́? A kò lè sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé kí á má sọ ti iná. Yunifásítì yìí, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2011, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 láti fi ẹ̀hónú hàn lórí àìsí iná mànàmáná. Ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ bá a lọ. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn òbí wọn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ wá síhìn-ín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro ti iná, kí ó má ṣe gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì tí ń lọ tí ń bọ̀. Ọ̀nà wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, Cliff Missen, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Jos, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa kó àìmọye ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì sínú àpótí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní eGranary, wọ́n sì gbé e wá fún àwọn yunifásítì Áfíríkà tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì tó. Òǹkàwé ń kà á láti inú àpótí náà láìsan owó dátà. Àkọsílẹ̀ ìwé àríwá Èkìtì lápapọ̀ kò lè tóbi ju èyí tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè gbà, iná oòrùn sì lè gbé e dúró.

Bí a bá bi mí pé níbo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní ní kí á lọ ra awò ìríran àfikún. Kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹpẹ ìwé Yorùbá nìkan. Kí òṣìṣẹ́ méjì jókòó tì í, ọ̀kan tí ó mọ iṣẹ́ ilé-ìkàwé, ọ̀kan tí ó mọ àkọtọ́. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ti wà lójú ìwé, kí wọ́n tún un kọ pẹ̀lú àmì tí ó pé, kí wọ́n sì sọ ìlú tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí Ìdó-Èkìtì má baà bọ́ sí Ìbàdàn. Kí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ọyẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó, nínú fíláàṣì kékeré kan, ní oṣooṣù, títí àpótí tí mo sọ yóò fi dé.